Ọmọ Tó Mojú

"Yí i padà," ni Mama Wilma wí. "Rọra o, ó wúwo."

Salihat gbé ìkòkò òdòdó kúrò lórí máṣíìnì ìránṣọ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá máṣíìnì mú, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ó ti tó ọdún méjì tí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ wá sí ilé yìí ní Olympia Fields, lẹ́bàá Chicago, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Òun ni ó máa ń nu eruku ara máṣíìnì ọlọ́wọ́ àtijọ́ náà, ṣùgbọ́n kò wo abẹ́ rẹ̀ rí. Ta ní í wo abẹ́ máṣíìnì?

"Kí ni o rí?"

"Orúkọ ni, Mama. Wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ sára pákó. Simon. Òdòdó kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Arúgbó náà pa ojú dé. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún ni, ara rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa mọ́tò kiri Chicago lọ. "Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀," ni ó wí. "Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo fi hàn."

Iṣẹ́ ilé-ìwé ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Salihat, ó ń gbé ní Hazel Crest pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ràhmát. Ní oṣù Kejì ọdún náà, olùkọ́ ìtàn wọn ń kọ́ wọn bí ìjọba Násì ti Jámánì ṣe pa mílíọ̀nù mẹ́fà àwọn Júù ní Yúróòpù, àti bí àwọn ará àdúgbò ní àwọn ìlú tí Jámánì gbà ṣe ran ìjọba náà lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣòfófó, ẹnì kan kó ẹrù aládùúgbò rẹ̀, àwọn tó pọ̀ jù sì kàn dákẹ́. Olùkọ́ béèrè pé, "Ká ní ẹ wà níbẹ̀, kí ni ẹ̀ bá ṣe?" Salihat ni ó kọ́kọ́ nawọ́. "Èmi ì bá sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Mi ò lè dákẹ́ láé." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú kíláàsì tó móoru, níbi tí kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, akin ni gbogbo wa.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wá fún wọn ni pé kí kálukú wá àgbàlagbà kan tó fi ojú ara rẹ̀ rí ogun yẹn, kí ó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Salihat kò wá a jìnnà. Ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n bí Mama Wilma sí, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ogun fi parí, kí ó tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà. Àdùfẹ́, ìyá Salihat, ni iléeṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kan yàn tì í láti máa wẹ̀ ẹ́, láti máa fún un lóògùn, kí ó sì máa se oúnjẹ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, Peter, ọmọ Mama Wilma, wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Àdùfẹ́ sì wà ní yàrá abẹ́ ilé níbi tó ti ń fọṣọ. Ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ.

"Simon ni bàbá Roosje," ni Mama Wilma bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. "Télọ̀ ni. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Júù ni wọ́n, Kírísítẹ́nì ni wá, ṣùgbọ́n èmi àti Roosje jọ ń jẹun nínú àwo kan náà ni. Òdòdó kékeré ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni bàbá rẹ̀ gbẹ́ èyí tí o rí yẹn sí abẹ́ máṣíìnì tó fi ń jẹun."

Nígbà tí àṣẹ dé pé wọ́n máa kó àwọn Júù lọ, Simon gbé máṣíìnì náà wá sí ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó bẹ bàbá Wilma pé kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí òun bá dé. Bàbá Wilma bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Ìgbà tó o bá dé, wàá bá a níbí."

"Àmánà nìyẹn," ni Salihat wí. Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Salihat rò ó díẹ̀. "Ohun tí ènìyàn bá fi síkàáwọ́ yín, Mama. Kì í ṣe tiyín. Ọlọ́run á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín."

"Á béèrè rẹ̀," ni Mama Wilma wí.

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ó ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àwọn tó wá kó wọn kì í ṣe Jámánì o. Ọlọ́pàá ìlú wa ni. Ọ̀kan nínú wọn máa ń kọrin pẹ̀lú bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo àdúgbò dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, wọ́n ń wò. Àwa náà ń wò. Simon àti ìyàwó rẹ̀ lọ, wọn ò padà wá mọ́."

"Roosje ńkọ́?"

"Truus ti gbé e lọ. Alágbàfọ̀ ni Truus, opó ọlọ́mọ mẹ́rin, tálákà paraku. Kò bá wọn tan, kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn. Aṣọ wọn ló kàn máa ń fọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ yẹn, ó ti Roosje sínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí, ó gbé agbọ̀n náà sórí ọmọlanke, ó sì tì í gba iwájú àwọn ọlọ́pàá kọjá. Ó ń súfèé lọ ni. Ọdún méjì ó lé ni ó fi í pamọ́. Nígbà tó yá, ẹnì kan lọ ṣòfófó. A ò mọ ẹni náà títí di òní, torí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀. Truus rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lókèèrè. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ àgbà mú Roosje gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn sá lọ, òun fúnra rẹ̀ wá lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àgọ́ tí wọ́n gbé e lọ ni ó kú sí."

Omi ti ń dà lójú Salihat. Mama Wilma kò sunkún ní tirẹ̀.

"Nígbà tí ogun parí, Roosje wá kan ilẹ̀kùn wa. Ọmọ ọdún méjìlá ni àwa méjèèjì. Ó ti rù kan egungun. Ó ní òun ò fẹ́ nǹkan mìíràn, kí á sáà fún òun ní máṣíìnì bàbá òun. Ìyá mi ní, 'Kò sí nǹkan yín kankan níbí. Àwọn sójà ti kó gbogbo rẹ̀ lọ.' Máṣíìnì ọ̀hún wà ní yàrá ẹ̀yìn. Òun ni ìyá mi fi rán ẹ̀wù tó wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ náà. Roosje wá kọjú sí mi, ó ní, 'Wilma, ṣé òótọ́ ni?' Mo wo ojú ìyá mi. Mo ní, 'Òótọ́ ni.'"

Ó na ọwọ́ sí Bíbélì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fa bébà kékeré kan yọ, tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Orúkọ Roosje wà níbẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé kan ní Skokie, ní ìhà àríwá Chicago, àti nọ́ńbà fóònù.

"Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti mọ̀ pé inú ìlú kan náà ni a jọ ń gbé. Mo ti gbé fóònù, mo sì ti gbé e sílẹ̀, mi ò lè ka iye ìgbà. Peter ọmọ mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìwọ ni wàá bá mi tẹ nọ́ńbà yìí. Bí mi ò bá lè sọ̀rọ̀, ìwọ ni kí o sọ ọ́. Kí o sì rí i pé máṣíìnì náà dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mama. Mo ṣèlérí."

"Àmánà?"

Kò pè é dáadáa, ṣùgbọ́n ó pè é. "Àmánà ni," ni Salihat dáhùn, ó sì gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú mọ́tò, bí wọ́n ti ń lọ sílé, Salihat sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Àdùfẹ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ẹnu arúgbó láì yínmú ni. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, ó lè má délé fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun nìkan ló ń dá ilé gbé ró. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mí kanlẹ̀.

"Salihat, listen to me. Nínú iṣẹ́ tèmi yìí, ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù, kí nǹkan sọnù nílé aláìsàn. Bí máṣíìnì yẹn bá kúrò nílẹ̀, ta ni wọ́n á kọ́kọ́ bi? Ọmọ tó ni ilé, àbí èmi tí mò ń wẹ ìyá ẹ̀? Agency á fire mi the same day. Wọ́n lè pe police."

"But Mọ́mì, I promised her. Àmánà ni."

"Mi ò ní ká má jẹ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í dá irú iṣẹ́ báyìí jẹ́. Jẹ́ ká gbààwẹ̀ tán. Lẹ́yìn ọdún, màá sọ fún Alhaji Sàláhúdéènì ní mọ́ṣáláṣí. Àgbà ni wọ́n, àwọn ni wọ́n á bá wa pe Mr. Peter jókòó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, you hear?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́ létí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Salihat náà gbà á, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀, torí àtilọ pe arúgbó tí a kò mọ̀ rí lórí fóònù kì í ṣe ohun tó rọrùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni rọpárọsẹ̀ kọlu Mama Wilma. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí yàrá tó kángun sí pálọ̀. Ojú nìkan ló kù tí ó lè fi sọ̀rọ̀. Bí Salihat bá ti wọlé, ojú náà á wò ó, á lọ sí ọ̀dọ̀ máṣíìnì, á sì tún padà sára rẹ̀. Salihat á sáré wá nǹkan mìíràn ṣe.

Peter ní tirẹ̀ ń ṣe ohun tí ó rò pé ó dára. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn fẹ́ pàtẹ àwọn ohun àtijọ́, ní ìrántí ọgọ́rin ọdún tí ogun parí, ó sì ní òun á yá wọn ní máṣíìnì náà. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kan tó ń kárí Chicago. Wọ́n kọ orúkọ Peter àti ti ìlú tí máṣíìnì náà ti wá sí abẹ́ fọ́tò náà, wọ́n sì kọ ọ́ pé òun ni ìyá-ìyá Peter fi rán aṣọ fún àwọn aláìní nígbà ogun. Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún Peter láti kékeré nìyẹn, ó sì gbà á gbọ́.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ Salihat fún yín. Ojú ni Àdùfẹ́ fi ń tọ́ ọmọ. Bí wọ́n bá lọ kí ènìyàn, tí onílé gbé oúnjẹ wá, Salihat á kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Bí ojú bá ní kí ó jẹ, á jẹ. Bí ojú bá ní kí ó má jẹ, á ní, "Ẹ ṣeun mà, mo ti yó," ebi ì báà máa han inú rẹ̀ léèmọ̀. Àwọn ìyá tó kù ní mọ́ṣáláṣí a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ tiwọn tí Amẹ́ríkà ti bàjẹ́. Wọ́n á ní, "Ẹ wo Salihat, ọmọ tó mojú." Inú Salihat máa ń dùn sí i. Inú ta ni kò ní dùn?

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta nínú ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, aago ẹnu ọ̀nà dún. Peter ló lọ ṣílẹ̀kùn. Ìyá arúgbó kékeré kan ni ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀, ọmọbìnrin kan bí ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sì di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ má bínú, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Eden ni orúkọ mi. Ìyá mi àgbà rí fọ́tò máṣíìnì yín nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n ní ó jọ ti bàbá àwọn. Wọn ò lè sùn láti ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, a ó sì máa lọ."

Salihat wà ní ìdí tábìlì pẹ̀lú àkísà tí ó fi ń nu eruku lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó sọ orúkọ arúgbó náà fún un, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé Roosje ni.

Roosje kò wo ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sí ibi tí máṣíìnì wà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì yí i lẹ́ẹ̀kan. Máṣíìnì náà dún. Arúgbó náà fi ọwọ́ kejì bo ẹnu.

"Kí ni orúkọ ìyá yín?" ni ó bi Peter.

"Wilma."

"Wilma." Ó tún orúkọ náà pè. "Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ara rẹ̀ kò gba àlejò."

"Mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Bàbá mi gbẹ́ òdòdó kan sí abẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Ẹ bá mi yí i padà. Bí òdòdó bá wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé òun ni. Bí kò bá sí, mo ṣì í mú, ẹ ó sì dárí jì mí."

Ìṣẹ́jú kan ni ìbá gbà. Ojú Peter pọ́n. Ó wo máṣíìnì, ó wo arúgbó náà, ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ sì lè rí i pé kò fẹ́ mọ̀. "Mádáàmù," ni ó wí, "ẹ̀rọ yìí ti gbó ju ohun tí à ń dojú rẹ̀ dé lọ. Káfíńtà ń bọ̀ wá gbé e lọ tún ṣe, ó sì ní kí á má fọwọ́ kàn án. Ti ìyá-ìyá mi ni." Ó wá yíjú sí Salihat bí ẹni tó rí ọ̀nà àbáyọ. "Salihat, ìwọ lo máa ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ǹjẹ́ o rí òdòdó kankan níbẹ̀ rí?"

Gbogbo ojú yí sí Salihat. Láti ibi tó dúró sí, ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀, ó sì ń rí Mama Wilma lórí ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń gbọ́. Ní ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì, ìyá rẹ̀ dúró pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ aláìsàn lọ́wọ́. Salihat wo ojú ìyá rẹ̀.

Àdùfẹ́ kò mi orí. Kò la ẹnu. Ojú nìkan ni, ojú tí Salihat ti mọ̀ láti ìgbà tó ti ń rá, ojú tó ń sọ pé má ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbà ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa ni.

"Rárá," ni Salihat wí. "Mi ò rí nǹkan kan."

Roosje wò ó pẹ́. Ó wò ó bí ẹni tó ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Ariwo kan jáde láti inú yàrá, ó dàbí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ pe orúkọ tí kò jáde. Peter sáré wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa jáde, Eden ti ń mú ìyá rẹ̀ àgbà sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé, wọ́n ń rìn lórí yìnyín tó ti ń yọ́.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Àdùfẹ́ wí nínú mọ́tò. "A ó ṣàlàyé fún wọn lẹ́yìn ọdún, Alhaji á bá wa dá sí i. Ọmọ tó mojú ni ẹ́."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣínu, Salihat ti èso dàbínù tirẹ̀ sí iwájú Ràhmát.

Mama Wilma kú lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejì, iléeṣẹ́ náà pe Àdùfẹ́ pé iṣẹ́ ti tán nílé yẹn, kí ó lọ sinmi títí wọ́n á fi rí aláìsàn mìíràn fún un. Ẹ ò rí i bí? Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dákẹ́ kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n dákẹ́.

Wọ́n ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Alhaji Sàláhúdéènì rin ìrìn àjò lọ sí Ìlọrin, Àdùfẹ́ sì ní kí wọ́n dúró dè é. Salihat kò lè dúró mọ́. Kò lè sùn, kò lè kàwé. Bó bá ti pa ojú dé, ọwọ́ arúgbó yẹn ló ń rí lórí ọwọ́ máṣíìnì. Ní ọjọ́ Àìkú kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó mú bébà tó pọ́n náà, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àárín Chicago. Ó tún wọ méjì mìíràn, ó sì rìn fún ogún ìṣẹ́jú kí ó tó dé Skokie.

Ilẹ̀kùn ilé náà kò tì. Àwọn ènìyàn wọ aṣọ dúdú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo dígí ara ògiri, bí àwọn Júù ti máa ń ṣe nígbà ọ̀fọ̀. Eden jókòó sórí àpótí kúkúrú nílẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Salihat kò nílò kí wọ́n sọ fún un. Ó kúnlẹ̀ níwájú Eden.

"Ọjọ́ kẹta tí a sin wọ́n rèé," ni Eden wí. Ó wo híjáàbù orí Salihat, ó sì mọ̀ ọ́n. "Ìwọ nìyẹn."

Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ni Salihat ti sọ ọ́. Ó sọ ti Simon, ó sọ ti Truus, ó sọ ti ẹ̀wù tó wà lọ́rùn Wilma, ó sì sọ ohun tí òun fi ojú ara òun rí ní abẹ́ máṣíìnì náà. Eden gbọ́ ọ tán láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Nítorí náà, o rí òdòdó náà."

"Mo rí i."

"Ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n sọ nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn? Wọ́n ní, 'Eden, bóyá mo lá a lálàá ni. Bóyá bàbá mi kò gbẹ́ òdòdó kankan fún mi rí.' Wọn ò ní fọ́tò bàbá wọn. Wọn ò ní sàréè rẹ̀. Òdòdó yẹn nìkan ló kù fún wọn. Títí wọ́n fi kú, ohun tí wọ́n ń bi mí nìyẹn, ṣé àlá ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn."

"Ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

"Èmi kọ́ ni o ṣẹ̀," ni Eden wí. Kò pariwo. "Ẹni tó o ṣẹ̀ ti wọlẹ̀. Mi ò lè bá wọn foríjì ọ́."

Nígbà tí Salihat délé tó sì sọ fún ìyá rẹ̀, Àdùfẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣíìnì, ó sì sunkún débi tí Ràhmát fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tẹ̀lé e. Kò dúró de Alhaji kankan mọ́. Ó gbé fóònù, ó pe Peter, ó sì ní kí Salihat sọ gbogbo rẹ̀.

Peter dáhùn pé káfíńtà ti fá abẹ́ máṣíìnì náà, ó ti fi pólíṣì kùn ún, ó ń dán. Kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí òdòdó. Ó ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, wọ́n ti kọ orúkọ ìyá-ìyá òun sí i lára. "Mo sì bi ọ́, Salihat," ni ó wí. "Lójú gbogbo wa ni mo bi ọ́, o ní o kò rí nǹkan kan. Èwo ni kí n gbà gbọ́?" Ó pa fóònù.

Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Wilma ti kú, Roosje ti kú, ìfági káfíńtà ti jẹ ìyókù. Salihat kọ ìtàn náà fún olùkọ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ Simon sí i, ó kọ ti Truus, ó sì kọ ti ara rẹ̀ láìfi ibì kankan pamọ́. Olùkọ́ fún un ní máàkì tó ga jù ní kíláàsì. Salihat ya bébà tí wọ́n kọ máàkì sí, ó sì fi ìyókù pamọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ máa mojú àwọn òbí yín, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan máa bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀, tí gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ máa ní kí ẹ dákẹ́. Ní ọjọ́ náà, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn pa àwọn Júù kò pọ̀ tó àwọn tó wo ojú ẹlòmíràn kí wọ́n tó dáhùn. Truus alágbàfọ̀ kò wo ojú ẹnikẹ́ni, òun nìkan ni Roosje sì tipasẹ̀ rẹ̀ dàgbà. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ti ẹlòmíràn ló máa ń kọ́kọ́ bá a dákẹ́.

Nígbà tí ó di ọdún Iléyá, àlejò kún ilé wọn ní Hazel Crest. Alhaji Sàláhúdéènì fa Ràhmát mọ́ra, wọ́n bi í bóyá òun ló fọ́ àwo tó wà nílẹ̀. Ọmọ náà ṣíjú wo ìyá rẹ̀ kí ó tó yanu. Àdùfẹ́ rí i pé Salihat ń wo àwọn méjèèjì, ó sì yí ojú tirẹ̀ sí ògiri.

"Má wò mí," ni ó wí fún Ràhmát. "Ohun tó o mọ̀ ni kó o sọ."

Salihat gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un lọ́jọ́ tí Roosje wá, ó dìde láàárín àlejò, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.